Ìdì Tó Tóbi Ju Ọ̀nà Ìgbẹsà Lọ

"Ẹ ò tíì gbọ́ ohun tí ọmọ inú yàrá ẹ̀yìn yẹn..."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ló wí pé orí ọ̀gá ti..."

"Orí ọ̀gá ti kí ni?"

"Mi ò sí níbẹ̀ o. Àlàrí ló kọjá. Òun ló ní ọmọ náà ń sọ fún Bàbá géètì pé ó ti tóbi jù, pé ẹnu ọ̀nà..."

"Pé kò lè gba ẹnu ọ̀nà mọ́?"

"Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ìyẹn o."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrò níwájú ilé-iṣẹ́ wa ní òpópónà Ilo-Awela lọ́jọ́ Ajé nìyẹn, láàárín Màmá Kàfáyá tó ń gba àlejò wa àti obìnrin tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jó irin ní òdìkejì títì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi kún un pé ọmọ náà ti ríṣẹ́ síbòmíràn, òun ló jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ gbó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti wọnú fóònù, ó sì bá Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ní Adó-Odò níbi tó ti lọ kí ìyá rẹ̀. Ohun tó dé etí rẹ̀ ni pé Ṣùkúrát ní orí ọ̀gá ti wú débi pé kò lè gba ẹnu ọ̀nà mọ́.

Èmi ni Ṣùkúrát. Ká sọ òótọ́, nígbà tí èmi náà gbọ́ ọ, ó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ̀rù wá bà mí.

Mi ò lọ ilé-ìwé bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Bàbá mi ń tún rédíò ṣe ní Ọ̀tà, òun ló kọ́ mi níwèé nílé, ó sì ń fi àwọn kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti pa tì kọ́ mi ní ìyókù. Mi ò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ọ̀gá Gbọ́ládé nìkan ló gbà kí n jókòó, ó ní òun máa fi oṣù mẹ́ta wò mí. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni oṣù mẹ́ta náà máa pé. Tó bá ní kí n dúró, mo ti níṣẹ́ nìyẹn. Tó bá ní kí n máa lọ, mi ò mọ ilé-iṣẹ́ kan ní gbogbo Ṣàngó-Ọ̀tà tó máa bi mí ní ohun tí mo mọ̀ kó tó bi mí ní ìwé ẹ̀rí.

Àpótí ìpamọ́ là ń ṣe. Àwọn ẹ̀rọ inú ilé-iṣẹ́ á máa wọn nǹkan, kámẹ́rà á máa ya àwòrán, gbogbo rẹ̀ á sì gba inú wáyà lọ sínú àpótí wa, á wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá wá a. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í da ẹrù rẹ̀ gọ̀ọ̀ sínú wáyà. Ńṣe ló máa ń dì í ní ìdì-ìdì, á wá lẹ orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó máa gbà á mọ́ ara ìdì kọ̀ọ̀kan. Tí ìdì bá kéré jù, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára á fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ẹrù inú rẹ̀. Tó bá tóbi, iṣẹ́ á yá. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe máa tóbi mọ ní iye báìtì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹrù kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo ń kọ ìwé àdéhùn tí ẹ̀rọ àti àpótí fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, mo sì fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀gá fi bírò tirẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀: báìtì ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.

Kì í ṣe pé kò nídìí. Nínú yàrá wa, níbi tí gbogbo nǹkan ti jẹ́ tuntun, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ń sáré lọ sáré bọ̀, kò kọsẹ̀ rí. Ọ̀gá pe gbogbo wa wá wò ó. Ó ní àwọn tó ń fi ìdì kékeré ránṣẹ́ ń fi ṣíbí ìmùkọ pọnmi kún dúróọ̀mù ni. Bọ̀ọ̀dá Àlàrí, tó ń bá wa na wáyà, pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá gbé fóònù lójú wa, ó sọ iye náà fún Màdáàmù Oyèbọ́lá, obìnrin ọmọ Ọ̀tà tó ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ ní Ìgbẹsà, ẹni tó fẹ́ gbé àpótí wa àkọ́kọ́. Láti ìgbà yẹn, iye náà kì í ṣe ti ìwé mọ́. Ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ni èmi àti Bọ̀ọ̀dá Àlàrí lọ sí Ìgbẹsà lọ wo ibi tí àpótí máa wà. Lára ògiri yàrá tí wọ́n ń kó àpò oúnjẹ sí ni súwíìṣì wọn wà, ìyẹn ibi tí wáyà gbogbo ẹ̀rọ ti ń pàdé. Ìyẹ̀fun àgbàdo ti bo gbogbo ojú rẹ̀. Mo fi ìka nù ún, mo rí orúkọ rẹ̀, inú mi sì bàjẹ́. Bàbá mi ní irú rẹ̀ kan nílé. Ìyẹn la fi ń dá ilẹ̀kùn dúró kí atẹ́gùn má baà ti í.

Irú súwíìṣì yẹn kì í gba ìdì tó bá ju báìtì ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ dáadáa. Kì í sì í bá èèyàn jà. Kò ní sọ pé ó tóbi jù, kò ní dá a padà, kò ní pariwo. Ńṣe ló máa gbé e mì, á wá máa wò ẹ́ bí ẹni tí wọn ò fún ní nǹkan kan.

Mo fẹ́ sọ fún Ọ̀gá. Mo tó ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti Ìgbẹsà títí dé Ṣàngó, ó tún tú ká nígbà tí mo rí ojú rẹ̀. Ìyá bàbá mi ló tọ́ mi, òun ló sì kọ́ mi pé tí mo bá ní ọ̀rọ̀ fún àgbà, kí n wá àgbà mìíràn tó máa bá mi gbé e lọ. Àgbà tó wà nítòsí ni Bàbá Adérógbà tó ń ṣọ́ géètì wa.

Kí Bàbá tó di ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe olórí àwọn tó ń di ẹrù sí tírélà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé. Ó fẹ́ràn láti máa sọ ọ́, èmi náà sì fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ. Ó ní láyé ìgbà yẹn, kò sí awakọ̀ tó ń jáde ní géètì òun tí kò ní kọ́kọ́ tún iṣẹ́ tí wọ́n rán an sọ láti orí dé ìdí. Tó bá fo ọ̀rọ̀ kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní awakọ̀ kan wà tó tún un bẹ̀rẹ̀ títí tó fi sunkún. Ó tún ní àwọn kì í kàn di ẹrù kí àwọn sì máa lọ sí ọ̀nà tí àwọn ò mọ̀. Àwọn á so ọ̀pá oparun dábùú orí ọkọ̀ òfìfo, kó ga kó sì fẹ̀ tó ẹrù tí àwọn fẹ́ gbé, ọkọ̀ òfìfo náà á ṣáájú lọ. Tí ọ̀pá bá kọjá, ẹrù á kọjá. Tí ọ̀pá bá kán, ọ̀pá nìkan ló kán, àwọn á wá tún ẹrù dì ní kékeré.

Ibi tí mo ti gbọ́ ti ọ̀pá yìí ni ọ̀rọ̀ mi ti tò. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo ní kó bá mi sọ fún Ọ̀gá pé iye yẹn ò ní gba Ìgbẹsà kọjá, mo sì sọ ohun tó yẹ ká ṣe. Ó gbọ́ mi tán, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Òun náà wá tún un sọ fún mi, ó tiẹ̀ mí kanlẹ̀ níbi tí mo ti mí kanlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi fóònù pe Ọ̀gá. Ó ní òun kì í jẹ́ iṣẹ́ lórí fóònù, pé ojúkojú lòun ti ń jẹ́ iṣẹ́, tí Ọ̀gá bá dé lọ́jọ́rú á gbọ́ ọ.

Ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀ yẹn ni Bọ̀ọ̀dá Àlàrí ń kọjá lọ ra búrẹ́dì. Ó gbọ́ "Ọ̀gá", ó gbọ́ "tóbi jù", ó gbọ́ "ẹnu ọ̀nà". Kò dúró gbọ́ ìyókù, ebi ń pa á. Nínú ìwé àdéhùn mi, ìdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lára, kí ẹni tó gbà á lè mọ èyí tó ṣáájú, kó sì mọ̀ tí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà. Ti Bọ̀ọ̀dá Àlàrí ò ní nọ́ńbà. Bó ṣe gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ọ̀dọ̀ Màmá Kàfáyá nìyẹn, Màmá Kàfáyá sì tò wọ́n bó ṣe wù ú.

Nígbà tí Ọ̀gá dé lọ́jọ́rú, mo kúnlẹ̀ kí i. Ògiri ló dá lóhùn. Ó ní kí n bá wọn lọ sí Ìgbẹsà lọ́jọ́ kejì, kí iṣẹ́ mi jẹ́ kíká wáyà, tí a bá dé, èmi àti òun máa sọ̀rọ̀. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Adérógbà dìde lórí àga, ó ní wọ́n rán òun níṣẹ́ sí Ọ̀gá. Ọ̀gá ní ohun tó ti ẹnu géètì yìí jáde lọ́sẹ̀ yìí ti tó òun, kí Bàbá mú un dání títí àwọn á fi ti Ìgbẹsà dé. Bàbá ní kò burú, pé kì í ṣe ẹja, kò ní bàjẹ́. Ó tún jókòó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún bí awakọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́bọ̀, àwa mẹ́rin la wà nínú ọkọ̀. Ọ̀gá mú Bàbá dání nítorí òjò ti rọ̀, Bàbá ló sì mọ ibi tí ọkọ̀ ò ti ní rì ní ọ̀nà Ìgbẹsà. Àpótí wà lórí itan mi. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀, àfi Bọ̀ọ̀dá Àlàrí tó bi mí bóyá òótọ́ ni pé mo ti ríṣẹ́ síbòmíràn, torí tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n rántí òun.

A so wáyà. Ọ̀gá tẹ láptọ́ọ̀pù, ẹ̀rọ kí àpótí, àpótí kí ẹ̀rọ padà, iná aláwọ̀ ewé tàn. Ọ̀gá bọ Màdáàmù Oyèbọ́lá lọ́wọ́. Ó ní kí Bọ̀ọ̀dá Àlàrí lọ dúró sábẹ́ kámẹ́rà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kí Màdáàmù lè rí i bí àwòrán rẹ̀ ṣe máa wọlé ní wàràwàrà. Bọ̀ọ̀dá Àlàrí lọ dúró. Kámẹ́rà yà á. Àwòrán ò wọlé.

Ọ̀gá tún un ṣe. Ìkíni lọ, ìkíni bọ̀, iná tàn. Àwòrán ò wọlé. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó pa àpótí, ó tún un tan. Ó bi wọ́n bóyá iná mànàmáná wọn ń ṣe ségesège. Ìkíni kékeré ni, ó ń gba súwíìṣì kọjá láìfara kan nǹkan kan. Àwòrán lẹrù, ìdì ẹlẹ́gbẹ̀rún mẹ́sàn-án sì ni wọ́n dì í. Mo jókòó ti wáyà tí mo ká, mò ń wo súwíìṣì lára ògiri. Ó dákẹ́, bí ẹni tí kò jẹ nǹkan kan láti àárọ̀.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, Màdáàmù Oyèbọ́lá káwọ́ lẹ́yìn.

"Ọ̀gá Gbọ́ládé, àpótí yín ní ẹ̀kọ́ ilé o. Láti àárọ̀ ló ti ń kí wa. Ṣé kò ní bá wa gbé nǹkan ni?"

Ó ní òun ní àwọn tó ń bọ̀ wá kó ẹrù ní aago méjì. Tí kò bá tíì gba nǹkan kan nígbà yẹn, kí á gbé e padà sílé, kí á lọ máa kí ara wa níbẹ̀. Ọ̀gá nu ojú. Ó wo ìwé àdéhùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá ti láptọ́ọ̀pù náà sọ́dọ̀ mi láìwo ojú mi.

"Ìwọ lo kọ ìwé rẹ̀. Wá wò ó."

Mo di ìdì òfìfo kan, mo jẹ́ kó tóbi tó ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, mo fi ránṣẹ́. Ó wọnú súwíìṣì, kò jáde. Mo gé e sí ìdajì. Kò jáde. Mo tún gé ìdajì yẹn sí ìdajì. Kò jáde. Nígbà tí mo gé e lẹ́ẹ̀kẹta, àpótí dáhùn. Mo pa iye Ọ̀gá rẹ́, mo kọ ẹgbẹ̀rún kan lé mẹ́rìnlélógún dípò rẹ̀, torí ìyẹn ló bá bí àpótí ṣe ń to ẹrù sínú mu jù lọ lábẹ́ ibi tí ọ̀nà há dé. Mo ní kí ẹ̀rọ gbé àwòrán wá.

Kò yára bíi ti yàrá wa, ṣùgbọ́n ó wọlé láti òkè wá sísàlẹ̀, títí ó fi pé. Àwòrán àkọ́kọ́ tó wọ àpótí wa ní Ìgbẹsà ni ti Bọ̀ọ̀dá Àlàrí, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ya ẹnu, búrẹ́dì wà nínú rẹ̀. Màdáàmù Oyèbọ́lá wò ó títí, ó ní òun máa gbé àpótí náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá òun yọ ọkùnrin yẹn kúrò nínú rẹ̀.

Mo rò pé ó ti tán. Kò tíì tán.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" Ọ̀gá bi mí.

"Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, sà."

"O mọ̀, o ò sọ fún mi. Ńṣe lo lọ jókòó ní géètì, tó ò ń fi orí mi ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó ní iṣẹ́ mi dára, òun ò ní purọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè fi ẹni tó ń bú òun lẹ́yìn sínú ilé-iṣẹ́ òun, ì báà jẹ́ pé ẹni náà ló dá kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Lọ́la ni oṣù mẹ́ta pé. Kí òun tó sọ èyí tí òun máa sọ, òun fẹ́ gbọ́ ohun tí mo wí gan-an. Ó kọjú sí Bọ̀ọ̀dá Àlàrí. Bọ̀ọ̀dá Àlàrí gbé búrẹ́dì mì, ó ní òun gbọ́ "tóbi jù". Ọ̀gá bi í pé kí ló tóbi jù. Ó ní ìyẹn gan-an lòun ò gbọ́.

"Orí mi ńkọ́?"

"Orí ò sí nínú tèmi, sà. Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Màmá Kàfáyá ni wọ́n ti fi orí sí i."

Màdáàmù Oyèbọ́lá fi etí gèlè bo ẹnu. Orí àpò oúnjẹ adìyẹ ni Bàbá Adérógbà jókòó sí láti àárọ̀. Ó dìde, ó ṣí fìlà, ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára ṣòkòtò.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ tí mo fẹ́ jẹ́ lánàá rèé. Ṣé kí n jẹ́ ẹ?"

"Ẹ jẹ́ ẹ, Bàbá."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ẹ má yọ ẹyọ kan kúrò."

Ìgbà yẹn ni mo rántí bí ọ̀rọ̀ mi ṣe parí. Mo mi orí sí Bàbá. Mo ṣẹ́jú sí i. Mo fi wáyà tó wà lọ́wọ́ mi ṣe àmì pé ibi tó dára ti tó, kó gé e síbẹ̀. Bàbá ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ọgbọ̀n ọdún ni kò fi jẹ́ kí awakọ̀ kan fo ọ̀rọ̀ kan. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"'Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Ọ̀gá pé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án yẹn dára, àmọ́ ó tóbi jù fún ẹnu ọ̀nà tó wà ní Ìgbẹsà. Kí ẹ̀rọ àti àpótí kọ́kọ́ bi ara wọn ní ìwọ̀n tí kálukú lè gbé, kí wọ́n mú èyí tó kéré, kí wọ́n wá fi ìdì òfìfo dán ọ̀nà wò, bí ẹ̀yin ṣe máa ń fi ọkọ̀ òfìfo dán an wò.'" Ó mí kanlẹ̀ níbi tí mo ti mí kanlẹ̀. "'Ọ̀gá gbọ́n jù mí lọ, kò kàn tíì rí súwíìṣì yẹn ni. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o, Bàbá. Tó bá gbà á, ẹ ní ẹ̀yin lẹ rò ó. Tí kò bá gbà á, ẹ ní Bọ̀ọ̀dá Àlàrí ni.'"